Òdòdó Inú Ọgbà Wáyà

Oko Silveira,
Ẹ̀bá Merced, California.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, 1994.

Zulmira ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Bí o bá bèèrè èmi, mo wà. Orúnkún ń dùn mí bó ṣe máa ń dùn mí, Norberto ẹ̀gbọ́n rẹ ń kùn bó ṣe máa ń kùn, àwọn màlúù sì ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè láìsí èyí tó sọnù. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n bá òun kí ẹ. Irọ́ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Mo gbọ́ pé iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wà ní Halifax tí o wà. Mo kàn ní kí n sọ fún ẹ ni, bóyá o ò tíì rí i. Láti ìgbà ọdún Ẹ̀mí Mímọ́ tí a ti se ọbẹ̀ màlúù fún gbogbo àdúgbò, tí kálukú ń bi mí pé, "Ermelinda, ọmọ rẹ obìnrin ńkọ́?", lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ, ewé gbígbẹ ló sì kún inú rẹ̀. Ṣé ewúrẹ́ ni mí ni?

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú bírò nìyí, fara balẹ̀ kà á. Wọ́n fẹ́ la títì márosẹ̀ tuntun, àárín pápá wa ni wọ́n sì fẹ́ gbé e gbà. Wọ́n ti kan èèkàn mọ́lẹ̀ láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìn àwọn adágún òjò, wọ́n so ribọ́ọ̀nù pupa mọ́ wọn lórí bí ọmọbìnrin tó ń lọ gba ìdàpọ̀ mímọ́ àkọ́kọ́. Bí títì bá gba ibẹ̀, a ò ní ibi tí màlúù máa jẹ̀ nígbà òjò mọ́. Orí òkè ò gbà wọ́n nígbà òtútù, ìwọ náà mọ̀. Kí la wá fẹ́ ṣe? Ká kó wọn sí pálọ̀? Norberto ní tí títì bá kọjá, òun máa ta gbogbo agbo, òun á lọ máa wa tírélà. Àwọn màlúù tí bàbá bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀!

Wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ìlú. Mo wọ aṣọ dúdú mi, mo jókòó síwájú pátápátá. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Ìyáàfin Pruett, òun ni ìjọba ní kó máa ṣọ́ àwọn ewéko tó ń parẹ́. Ó ní nǹkan kan ṣoṣo ló lè mú kí títì yẹn yà, òdòdó ìfófó. Mo ní, "Èwo tún ni òdòdó ìfófó?" Ó fi àwòrán hàn mí. Zulmira, òdòdó rẹ ni! Èyí tí o máa ń tìtorí rẹ̀ pẹ́ dé iléèwé, funfun tó ní ìlà pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń yí etí adágún ká bí ìfófó ọṣẹ. Ó ní ní gbogbo agbègbè yìí, ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ti rí irú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Bí òun bá dé nígbà ìrúwé tí òun bá a tó yọ òdòdó, títì máa gba ẹ̀yìn odò. Bí òun ò bá bá a, àárín pápá wa ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé n kò rí òdòdó náà lọ́dún yìí. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Norberto náà ní òun ò rí i. Ọgbà wáyà tí bàbá rẹ fi yí àwọn adágún ká nígbà tí o ń lọ kàwé, kí màlúù má baà tẹ òdòdó rẹ mọ́lẹ̀, ṣì dúró digbí. Màlúù kankan ò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ láti ìgbà yẹn. Kí ló wá dé? Ìwọ lo kàwé òdòdó. Dá mi lóhùn kíákíá, má sì kó ewé sínú rẹ̀.

Èmi tí mo bí ẹ,
Ermelinda.


Halifax, Nova Scotia.
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kẹwàá, 1994.

Màámi mi àtàtà,

Mo kí yín o. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrora orúnkún. Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Norberto, kí ẹ sì sọ fún wọn pé èmi kì í purọ́ ìkíni tèmi. Ẹ má bínú pé mi ò kọ̀wé. Inú ilé ewéko tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a máa ń lẹ ewé mọ́ pépà láti àárọ̀ títí ojú á fi máa ṣe bàìbàì, tí mo bá délé, mi ò tún fẹ́ rí pépà mọ́.

Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí òdòdó yẹn. Kì í ṣe bí igi tó máa ń dúró. Ọdọọdún ló ń kú, ọdọọdún ló ń tún ara rẹ̀ bí. Kóró rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Á sùn sínú amọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn títí amọ̀ á fi sán, òjò àkọ́kọ́ á jí i, á hù, á wá gbé lábẹ́ omi ní gbogbo ìgbà òtútù bí ọmọ ẹja. Tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, á yọ òdòdó, á so, á kú. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo kóró ló ń jí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan á dọ́gbọ́n sùn kọjá ọdún yẹn. Nítorí náà, pé ẹ ò rí i lọ́dún yìí ò túmọ̀ sí pé ó ti tán.

Ìdílé rẹ̀ kéré, Màámi. Àwọn ìdílé ewéko mìíràn ní ọmọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàkiri ayé. Tiwọn ò tó èyí tó máa kún tábìlì ilé ìdáná wa, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì kúrò ní apá ọ̀dọ̀ wa rí. Ìbátan wọn kan péré ló rìn jìnnà dé ìhín. Wọ́n ní ó wà ní Nova Scotia yìí, pé ó kéré débi pé àwọn èèyàn á tẹ̀ ẹ́ kọjá. Mo ti ń wá a, mi ò tíì fojú kàn án.

Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ jẹ́ kí ọgbà Bàbá dúró gan-an bó ṣe wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ màlúù kan ṣoṣo wọ ibẹ̀ kí obìnrin yẹn tó dé. Kí ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi búrẹ́dì dídùn yín ránṣẹ́ sí mi. Búrẹ́dì ibí dà bí ìrọ̀rí.

Èmi tí ẹ bí lóòótọ́,
Zulmira.


Oko Silveira.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 1995.

Zulmira,

Mo lérò pé búrẹ́dì dé, pé àwọn aṣọ́bodè ò jẹ ẹ́. Ara wa le, ọkàn wa ni kò dùn.

Ìyáàfin Pruett wá lánàá. A ti fi ọwọ́ pàtàkì mú un, mo ti po kọfí dè é. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ọ̀nà méjì tẹ̀ lé e, ọ̀kan wọ díńgí dúdú, kò yọ ọ́ lójú títí wọ́n fi lọ. A ṣí géètì ọgbà bàbá rẹ, a wọlé. Koríko nìkan la bá. Koríko dé ìbàdí mi, ti èṣí ti wó sábẹ́ ti ọdún yìí, ó nípọn bíi mátírẹ́ẹ̀sì. Obìnrin yẹn kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ya á, ó ń ya á, ó yí gbogbo adágún náà ká lórí orúnkún. Kò rí ẹyọ kan. Onídíńgí dúdú wo aago rẹ̀, ó ní, "Ó ti parí nìyẹn."

Ìyáàfin Pruett ní rárá. Ó ní irú òdòdó yìí máa ń sùn, pé òfin fún òun láyè láti wò ó nígbà ìrúwé kan sí i. Kan ṣoṣo o. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí kò bá sí nǹkan kan, wọ́n máa kó kátakátá wọlé.

Norberto ò jẹun alẹ́ lánàá. Látàárọ̀ ló ti ń fi oògùn apakoríko wọ́n àwọn ẹ̀gún tó wà lẹ́nu géètì títì, ó kàn ń wá nǹkan tí òun máa pa ni. Kọ̀wé sí i, bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ìyá rẹ.


Halifax.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹrin, 1995.

Màámi,

Mo kí yín. Mo ka lẹ́tà yín.

Oògùn apakoríko! Ẹ wá sọ ọ́ bí ẹni pé omi ni wọ́n fi ń wọ́n ilẹ̀. Ṣé Bọ̀ọ̀dá Norberto ò mọ̀ pé òjò máa ń gbé oògùn yẹn lọ sínú adágún ni? Àbí wọ́n mọ̀? Ìgbà gbogbo ni wọ́n ń sọ pé òdòdó mi ló gba ibi tó yẹ kí màlúù ti máa jẹun. Ọdún mélòó ni wọ́n ti ń wọ́n ọn? Bàbá kọ́ ọgbà kí nǹkan yẹn lè yè, ọmọ rẹ̀ wá ń fún un ní májèlé láti ìta. Tí wọ́n bá ti ń fojú sọ́nà fún tírélà wọn, kí wọ́n kúkú sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ka èyí sí wọn létí.

Zulmira.


Oko Silveira.
Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún, 1995.

Ìwọ Zulmira yìí,

Mi ò kí ẹ. O ò kí ẹ̀gbọ́n rẹ náà.

O ní kí n kà á sí i létí. Mi ò kà á. Òun fúnra rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó rò pé o kọ nǹkan dáadáa sí òun. Orí ìdúró ló ti kà á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ó ká a pa dà dáadáa, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Màámi, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé ẹnu géètì títì wà nísàlẹ̀. Omi kì í gun òkè." Ó jáde. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ rẹ nínú ilé yìí mọ́.

Ta ló ń gbé ẹ sẹ́yìn lọ sí etí adágún yẹn nígbà tí ẹrẹ̀ ju ẹsẹ̀ rẹ lọ? Ta ló ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró kí o lè jókòó máa wo oyin? Àwọn oyin kéékèèké tó ń gbẹ́lẹ̀ yẹn, òun ló máa ń fi bàtà rẹ̀ sàmì sí ihò wọn kí kátakátá má baà gba orí rẹ̀. O wá jókòó sínú yìnyín, o pe èèyàn ní olóró. O kàwé, o kàwé, o ò mọ ibi tí omi ń ṣàn sí nínú oko bàbá rẹ.

Mo fẹ́ràn rẹ, inú sì ń bí mi sí ẹ. Méjèèjì ló wà níbẹ̀. Má kọ̀wé sí mi mọ́ àyàfi tí o bá ní ọ̀rọ̀ tó máa wúlò fún ilé yìí.

Ermelinda.


Halifax.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, 1995.

Màámi mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí. Bọ̀ọ̀dá Norberto, tí ẹ bá ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á, ẹ má bínú sí mi. Mo sọ ohun tí mi ò mọ̀ bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹ jàre mi pátápátá.

Màámi, ẹ ní kí n má kọ̀wé àyàfi tí mo bá ní ọ̀rọ̀ tó wúlò. Mo ní in! Mo ti rí ìbátan yẹn! Lánàá la lọ sí igbó etí odò kan, níbi tí omi máa ń ya bò tí yìnyín bá yọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo sì bá a. Òdòdó rẹ̀ ò tóbi ju ẹyọ ìrẹsì lọ, mẹ́ta mẹ́ta ni ewé òdòdó rẹ̀, kì í ṣe márùn-ún bíi ti ọ̀dọ̀ wa. Kò jọ tiwa rárá. Mo já ewé rẹ̀, mo fi sẹ́nu. Màámi, ó ta mí lẹ́nu bíi músítádì, gan-an bí tiwa ṣe máa ń ta nígbà tí mo ń jẹ ẹ́ ní kékeré tí ẹ máa ń lù mí. Ojú mi ò dá wọn mọ̀ ní ẹbí, ẹnu mi ló dá wọn mọ̀. Mo sunkún níbẹ̀ láìtijú ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì. Níbi tí odò ti gbá ewé gbígbẹ lọ, tí ilẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó hù bíi kápẹ́ẹ̀tì. Níbi tí ewé gbígbẹ ti kó jọ, tó nípọn, kò sí ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ìṣísẹ̀ kan péré ló wà láàárín méjèèjì. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo wá pariwo, "Màlúù!" Àwọn tá a jọ lọ sá sẹ́yìn, wọ́n rò pé màlúù ń bọ̀.

Màlúù ni, Màámi! Nílé, odò kankan ò sí tó máa gbá koríko kúrò lórí òdòdó wa. Ẹnu màlúù ló ń gbá a. Koríko tó ga dé ìbàdí yín yẹn kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, ó bá àwọn baba ńlá wa wọ ọkọ̀ ojú omi dé ni, bí kò bá sí ohun tó ń jẹ ẹ́, á bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ohun tí ẹ sọ nínú lẹ́tà yín gan-an nìyẹn, ti èṣí lábẹ́ ti ọdún yìí, bíi mátírẹ́ẹ̀sì. Láti ìgbà tí ọgbà ti dúró ni òdòdó ti ń dín kù. A rò pé à ń dáàbò bò ó, ìmọ́lẹ̀ la gbà lójú rẹ̀. Àwọn kóró yẹn ṣì wà lábẹ́ ibẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ tú ọgbà náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn màlúù wọlé bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè.

Ọmọ yín,
Zulmira.


Halifax.
Ọjọ́ ogún, oṣù Keje, 1995.

Màámi,

Mo kí yín, mo kí Bọ̀ọ̀dá. Ṣé ẹ rí lẹ́tà mi? Ṣé ara yín le? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ koríko gbígbẹ pọ̀ lásìkò yìí. Ẹ kàn kọ ọ̀rọ̀ kan sí mi, ì báà jẹ́ èébú.

Zulmira.


Oko Silveira.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹsàn-án, 1995.

Zulmira,

Mo rí lẹ́tà méjèèjì. Ara mi le. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kọ ni.

O ní kí n tú ọgbà. O ò sí nílé nígbà tí bàbá rẹ ń kọ́ ọ, nítorí náà mi ò dá ẹ lẹ́bi. Èmi wà níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ti ń dùn ún nígbà yẹn, dókítà ti ní kó má gbé nǹkan wúwo. Ó gbẹ́ ihò gbogbo òpó yẹn fúnra rẹ̀. Á gbẹ́ ọ̀kan, á jókòó, á mí, á gbẹ́ òmíràn. Norberto fẹ́ bá a ṣe é, ó ní, "Fi mí sílẹ̀. Ti Zulmira ni." Ó ní bí o bá padà wálé lọ́jọ́ kan, ohun àkọ́kọ́ tí o máa rí ni pé ẹnì kan bá ẹ tọ́jú nǹkan rẹ. Iṣẹ́ tó ṣe gbẹ̀yìn láyé nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, èmi náà máa ń lọ dúró níbẹ̀, mo máa ń gbọ́wọ́ lé òpó ẹnu géètì.

O wá ń sọ fún mi pé iṣẹ́ tó pa á ló pa òdòdó náà. Ṣé o gbọ́ ohun tí ò ń sọ? Kí n wá fi ọwọ́ ara mi gé e? Mi ò lè ṣe é. Kí títì máa bọ̀.

Ermelinda.


Halifax.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹwàá, 1995.

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Mi ò mọ èyí tí ẹ kọ yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé àìsàn ti mú Bàbá nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Mo ti sunkún, mo ti nujú.

Mi ò ní tan yín. Bí títì bá dé, kátakátá máa fa òpó Bàbá tu, òpó àti adágún àti gbogbo rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹni tí kò mọ orúkọ wọn ló sì máa ṣe é. Ẹ ò lè pa ọgbà yẹn mọ́, Màámi. Òdòdó nìkan lẹ ṣì lè pa mọ́. Òdòdó ni Bàbá ń tọ́jú. Wáyà kàn jẹ́ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn ni.

Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, kóró á máa jí. Ó yẹ kí ẹnu màlúù ti wà níbẹ̀ kí ó tó hù. Mi ò ní sọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀yin lẹ ni ín.

Zulmira.


Oko Silveira.
Ọjọ́ ogún, oṣù Kọkànlá, 1995.

Zulmira ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí.

Ní ọjọ́ tí a ń rántí àwọn òkú, mo gbé òdòdó lọ sí ibojì bàbá rẹ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní, "Olívio, ọmọ rẹ ní ọgbà rẹ ò dáa." Kò fèsì. Nígbà ayé rẹ̀ náà, bí mo bá ti jàre ni kì í fèsì. Mo bá pa dà sílé, mo bọ́ aṣọ dúdú, mo wọ ṣòkòtò rẹ̀ àtijọ́, mo ní kí Norberto fún mi ní irin tí wọ́n fi ń gé wáyà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gé e." Mo ní, "Kúrò lọ́nà."

Èmi ni mo gé e. Gbogbo rẹ̀, yíká. Wáyà á dún, á fò sẹ́yìn bí ejò, èmi náà á fò sẹ́yìn. Ẹkún ń bọ́ lójú mi, èébú sì ń bọ́ lẹ́nu mi, Norberto ní òun ò mọ̀ pé mo mọ irú èébú bẹ́ẹ̀. Àwọn òpó ni mi ò fọwọ́ kàn.

A wá da màlúù wá. O rántí Mimosa, màlúù arúgbó tí àwọn yòókù máa ń tẹ̀ lé? Ó rìn wá dáadáa, nígbà tó dé ibi tí wáyà ti wà, ó dúró. Wáyà ò sí mọ́ o! Àmọ́ wáyà yẹn ti gún un nímú rí, ó sì ti pinnu pé ó ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo agbo tò sẹ́yìn rẹ̀ láti òpó dé òpó, wọ́n ń wò wá. Norberto tì í lẹ́yìn, ó tì í. Ó gbé koríko gbígbẹ síwájú rẹ̀, ó na ọrùn, ó jẹ ẹ́, kò gbẹ́sẹ̀. Norberto ní, "Bàbá mà kọ́ ọgbà o! Ó ti lọ, kò lọ." Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ bá bú sẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ, mi ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Ibi tí mo jókòó sí, inú ọgbà ni. Búrẹ́dì dídùn wà nínú àpò mi, mo yọ ọ́, mo ń jẹ ẹ́. Mimosa gbóòórùn rẹ̀. Ó wo búrẹ́dì, ó wo ilẹ̀, ó wo búrẹ́dì. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé e ga bí ẹni tó ń da ìlà kọjá, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí inú. Nǹkan kan ò gún un. Ó bá rọ́ wọlé, gbogbo agbo tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ mí pa. Wọ́n bo koríko yẹn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀.

Ní báyìí tí mo ń kọ èyí, ilẹ̀ ti hàn síta. Àwọn màlúù ń fi òpó bàbá rẹ họ ara. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn sí i.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Gbàdúrà, bí o bá ṣì ń gbàdúrà níbẹ̀.

Ìyá rẹ.


Halifax.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kìíní, 1996.

Màámi mi, akọni mi,

Ẹ kú ọdún tuntun. Mo ka lẹ́tà yín níbi iṣẹ́, mo tún kà á sókè, gbogbo ilé ewéko ti mọ Mimosa báyìí. Gbogbo wọn ní kí n máa kí i.

Ṣé omi ti kún adágún? Ẹ jọ̀ọ́, tí orúnkún bá gbà fún yín, ẹ ki ọwọ́ bọ omi létí ibẹ̀. Tí ẹ bá kan ewé kéékèèké tó ya bí ìyẹ́ adìyẹ, ẹ já ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ jẹ ẹ́. Mi ò lè sùn mọ́. Bọ̀ọ̀dá ò tíì kọ̀wé sí mi. Mi ò bínú, mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Zulmira yín.


Oko Silveira.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì, 1996.

Zulmira,

Omi tutù débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi lọ́wọ́. Mo já ewé kan. Mo jẹ ẹ́.

Ó ta!

Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí n má baà lé oríire lọ. Norberto náà jẹ ẹ́, ó ní ata ni mo fi pa á. Á kọ̀wé sí ẹ bó bá yá. Orí kunkun tí ẹ jọ ní, ọ̀dọ̀ bàbá yín lẹ ti gbà á.

Èmi tí ẹnu ń ta.


Oko Silveira.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, 1996.

Zulmira, Zulmira, Zulmira!

Bá mi yọ̀! Bá mi jó! A ti ṣẹ́gun!

Ọjọ́ àìkú tó kọjá ni àkọ́kọ́ là. Ní ọjọ́ kejì, etí adágún ńlá ti funfun. Lónìí, ọmọ mi, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná ni mo ti rí i, mo rò pé omi ọṣẹ ni ẹnì kan dà sílẹ̀. Gbogbo adágún ló ní òrùka funfun, adágún ńlá, adágún kejì, títí kan àwọn kòtò ẹsẹ̀ màlúù, òdòdó yí wọn ká. Àwọn oyin rẹ ti dé, wọ́n ń kùn ju ẹ̀gbọ́n rẹ lọ. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, gbogbo rẹ̀ á mì lẹ́ẹ̀kan. Mo bí ọmọ méjì, mo fẹ́ ọkọ rere, mo sì sọ ọ́ láìbẹ̀rù pé mi ò rí ohun tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyáàfin Pruett dé láàárọ̀ yìí pẹ̀lú Onídíńgí dúdú. Ó dé ẹnu géètì, ó dúró, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Obìnrin tó kàwé tó yẹn, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú ẹrẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ wò ó, ẹ wò ó," bí ẹni pé àwa ò rí i. Onídíńgí dúdú ní, "Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyí?" Mo ní, "Rárá o, ọ̀gá. Ó kù lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ. Ẹ yọ díńgí yẹn kí ẹ lè rí i dáadáa." Ó yọ ọ́! Àṣé ojú rẹ̀ kò burú.

Ìyáàfin Pruett bá yíjú sí i níwájú gbogbo wa, ó ní, "Ẹ lọ fa èèkàn yín tu. Ẹ̀yìn odò ni títì máa gbà." Ó ní kò sí ẹjọ́ mọ́ lórí rẹ̀, òfin ti parí rẹ̀. Onídíńgí dúdú ní àwọn òṣìṣẹ́ òun máa wá fa èèkàn tu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Kí ọkùnrin náà tó dé ibi mọ́tò rẹ̀, Norberto ti ń sáré láti èèkàn dé èèkàn, ó ń fà wọ́n tu, ó ń jù wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń hó bí ọmọ iléèwé tó gba ìsinmi. A wá wọ ọkọ̀ náà lọ sí ìlú. Ó ń fọn fèrè ọkọ̀ láti ibí dé ẹnu ṣọ́ọ̀ṣì, èmi sì dúró sẹ́yìn ọkọ̀ láàárín àwọn èèkàn, pẹ̀lú orúnkún yìí, mo ń ju ọwọ́. Gbogbo àdúgbò ti kún inú ọgbà wa báyìí. Ọbẹ̀ màlúù ti ń hó lórí iná, bẹ́ẹ̀ ọdún Ẹ̀mí Mímọ́ ò tíì dé. Bí àlùfáà bá fẹ́ bínú, kó bínú lẹ́yìn tó bá jẹun tán.

Wọ́n ń bi mí pé ta ló mọ̀ pé màlúù ni oògùn rẹ̀. Mo ń dá wọn lóhùn pé ọmọ mi ni, Zulmira, tó wà ní Nova Scotia. Mo ti sọ ọ́ títí ohùn mi fi há.

Dúró o, ẹnì kan ń já bírò gbà lọ́wọ́ mi.

Zulmira, Norberto ni. Mi ò tíì dárí ọ̀rọ̀ májèlé yẹn jì ẹ́ tán, mo fẹ́ bá ẹ jà á lójúkojú kí n tó gbàgbé rẹ̀. Omi ti ń fà ní adágún kékeré, òdòdó yìí ò ní pẹ́ gbẹ. Wọ ọkọ̀ òfurufú. Màá wá gbé ẹ. Tètè dé, kó má lọ jẹ́ kóró nìkan ni màá rí fi hàn ẹ́.